Ìgbàgbọ́ Ha Ní Àwíjàre Bí?

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Abidjan, tí wọ́n ti kàwé Faransé, ń béèrè ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀sìn ṣe. Kò yẹ kí a fi ariwo bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀. Nínú 1 Peteru 3:15, ọ̀rọ̀ Gíríkì tí a lò ni apologia. Ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ ni: ohun tí olùjẹ́jọ́ ń rò níwájú adájọ́. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí “ìdáhùn” lásán, kò burú, ṣùgbọ́n adájọ́ ti kúrò níbẹ̀. Lójú tèmi, “àwíjàre” súnmọ́ ọn jù.

Ẹ wo ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀. Ní 1913 ni William Wadé Harris, ará Làìbéríà, wọ ibí. Kí ìjọba Faransé tó lé e jáde ní òpin 1914, ó ti ṣe ìrìbọmi fún ènìyàn tí a fojú dá sí 100,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Wọ́n sun ère wọn, wọ́n sì ń retí ẹni tí yóò wá ṣàlàyé Ìwé náà fún wọn, títí àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì fi dé ní 1924. Ǹjẹ́ wọ́n ní àwíjàre? Wọ́n ní ti ẹlẹ́rìí: wọ́n sun ère, wọn kò sì kú. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sìn mìíràn náà ní ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nítorí náà ẹ̀rí nìkan kò tó, a ní láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn kan ń jiyàn pé “gbà” ṣáájú “gbọ́” nínú “ìgbàgbọ́”, pé kí a kọ́kọ́ gbà ná. Ìhun ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ̀wé sí wa: ṣé kì í ṣe “àwáwí” ni ìjọ yín ń gbọ́ bí a bá ka “àwíjàre”?