Ṣé Oòrùn Ló Ń Dá Hops Dúró Nílẹ̀ Wa?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú o, n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọtí mímu. Hops ni ìtàkùn tí wọ́n ń fi òdòdó abo rẹ̀ ṣe bíà. Ìyẹ̀fun yẹ́lò tó wà nínú òdòdó náà ló ń mú bíà korò, tí kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Òkè òkun ni àwọn tó ń pọn bíà níbí ti ń ra ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ní kíláàsì Àgíríkì, àwọn kan ní oòrùn wa ló mú jù fún un. Mo wádìí, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Àfonífojì Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington ni èyí tó pọ̀ jù nínú hops Amẹ́ríkà ti ń wá. Òjò ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 200 lọ́dún. T'Ìbàdàn ju 1,200 lọ. Yìnyín tó ń yọ́ lórí òkè Cascade ló ń ṣàn wọ odò, wọ́n á sì fa omi náà gba inú rọ́bà tó ń kán tó, tó, tó sídìí ọ̀gbìn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn gan-an wúlò fún wọn, torí àrùn tó ń ba ewé jẹ́ nínú ọ̀rinrin kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè. (Àwọn kòkòrò tíńtín tó ń fa omi ewé mu ló ń gbádùn ọ̀gbẹlẹ̀ ní tiwọn.)

Kí wá ni ìṣòro? Gígùn ojúmọmọ ni! Hops fẹ́ kí ọ̀sán gùn dáadáa kó lè gun okùn dé nǹkan bíi mítà 5. Bí ọ̀sán bá wá ń kúrú, á tanná. Lóṣù Kẹfà, ojúmọmọ Yakima fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 16. T'Ìbàdàn ò ju nǹkan bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀. Kano tí ẹ ń pariwo pé ó gbẹ, kò tó 13. Hops tí a bá gbìn síbí á rò pé àsìkò ìtanná ti dé nígbà tí kò tíì ga, òdòdó rẹ̀ ò sì ní pọ̀.

Ní George, ní South Africa, wọ́n fìgbà kan tan iná sóko hops lálẹ́, kí wọ́n tó rí irú èyí tó gba ojúmọmọ ibẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan ní Brazil náà ń tan iná báyìí. Àwa náà lè ṣe é, àmọ́ ó kéré tán, wákàtí 3 lálaalẹ́ ni, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ bá mi ṣírò owó epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀! Àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ wa ti dán ewúro àti orógbó wò dípò hops. Ní tèmi, ewúro ni mo máa fara mọ́. Kò béèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.