Ẹ̀KỌ́: NÍGBÀ TÍ FÓÒNÙ KÒ RÍ NỌ́ŃBÀ GBÀ NÍNÚ ILÉ

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí ó ń yọ ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu. Wi-Fi wà nínú ilé, iná rẹ̀ ń tàn, fóònù àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ti Màmá kò wọlé. Ọmọ tí ó wà ní London ń pè lórí WhatsApp, ìpè náà kò dé, ọkàn òun àti ti ìyá rẹ̀ kò sì balẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọn á ti ní fóònù ti bàjẹ́, kí Màmá lọ ra òmíràn. Nígbà púpọ̀, fóònù kò bàjẹ́ rárá. Nọ́ńbà ni kò rí gbà.

Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí olúkúlùkù wa lè:
(a) ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà yìí jẹ́;
(b) mọ ìdí tí fóònù kì í fi í rí i gbà;
(d) tẹ̀lé ìgbésẹ̀ tí ó yẹ kí a tó ná owó.

1. Kí ni nọ́ńbà yìí?

Ẹ rántí bí a ti ń ṣe ní kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Olùkọ́ á mú rẹ́jísítà lọ́wọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì gba nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń pín Wi-Fi nínú ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní ráútà, ni olùkọ́ náà. MiFi kékeré tí a ń gbé kiri ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Fóònù, tẹlifísàn àti kọ̀ǹpútà ni ọmọ kíláàsì. Orúkọ nọ́ńbà náà ni IP address, ó sì máa ń rí báyìí: 192.168.1.105. Láìsí i, ráútà kò mọ ibi tí yóò darí ìpè ọmọ yín sí.

2. Báwo ni a ṣe ń pín in?

Tẹ́lẹ̀ rí, ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1993 ni wọ́n gbé ìlànà kan jáde tí ó ń jẹ́ DHCP, kí ẹ̀rọ lè máa pín in fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Fóònù á ké pé, "Ta ni ó ń pín nọ́ńbà níbí?" Ráútà á dáhùn pé, "Èmi ni, ọ̀kan rèé." Fóònù á ní, "Mo fẹ́ ẹ." Ráútà á ní, "Ó di tìrẹ títí di àkókò báyìí."

Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn dáadáa. A kò fi nọ́ńbà ta fóònù lọ́rẹ. A yá a ni, bóyá fún wákàtí 24, gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ti tò ó sínú ráútà.

3. Kí ló ń fa ìdíwọ́?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìdí pọ̀.

(a) Nọ́ńbà ti tán. MiFi mìíràn wà tí kì í gbà ju fóònù 10 lọ. Bí a bá sọmọ lórúkọ, tí gbogbo àlejò sì gba Wi-Fi, àlejò lè ti délé wọn kí nọ́ńbà tí a yá wọn tó padà.

(b) Ẹnìkan ti fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà sínú fóònù náà. Ó lè jẹ́ pé fóònù mìíràn ti ń lo nọ́ńbà yẹn, tàbí kí ó má bá ilé yìí mu.

(d) Ráútà méjì ń pín nọ́ńbà. Ọmọ kan ra èkejì kí Wi-Fi lè dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sì dá a dúró láti máa pín nọ́ńbà. Olùkọ́ méjì nínú kíláàsì kan, rẹ́jísítà á dàrú.

(e) Ráútà fúnra rẹ̀ dákú, pàápàá bí iná bá ń lọ tí ó ń bọ̀.

4. Kí ni kí a kọ́kọ́ wò?

Ṣé fóònù kan ni, àbí gbogbo wọn? Bí ó bá jẹ́ gbogbo wọn, ẹ fi fóònù sílẹ̀, ẹ kọjú sí ráútà.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, ẹ ka ohun tí ó kọ sójú. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀ aṣínà kò tọ̀nà, ẹ tún un tẹ̀. Bí ó bá dúró lórí "Obtaining IP address", tàbí tí ó kọ "IP configuration failure", nọ́ńbà ni kò rí. Lórí iPhone, ẹ tẹ àmì "i" tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Wi-Fi. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, fóònù ló fún ara rẹ̀, kì í ṣe ráútà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì sí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá dátà ló tán.

5. Ìgbésẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé

(i) Ẹ pa Wi-Fi lórí fóònù, ẹ ka oókan dé ọgbọ̀n, ẹ tún un tàn.

(ii) Lórí iPhone, ẹ tẹ "Renew Lease". Lórí Android, ẹ tẹ "Forget", kí ẹ sì wọlé lákọ̀tun. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ aṣínà wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o.

(iii) Ẹ wo "IP settings". Bí ó bá wà lórí "Static", ẹ dá a padà sí "DHCP". Lórí iPhone, "Configure IP" ni, kí ó wà lórí "Automatic".

(iv) Ẹ ní kí àwọn yòókù pa Wi-Fi tiwọn. Ẹ yọ ráútà kúrò lára iná fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dá a padà, kí ẹ sì dúró kí iná rẹ̀ fi dúró ṣinṣin. Ọ̀pọ̀ ráútà ló ń gbàgbé àwọn tí ó ti yá ní nọ́ńbà bí ó bá kú. Kí fóònù Màmá kọ́kọ́ wọlé.

(v) Bí ráútà bá jẹ́ méjì, ẹ yọ èkejì, kí ẹ wò ó. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n pa DHCP ti èkejì.

Ìkìlọ̀: Ẹ má ṣe ki abẹ́rẹ́ bọ ihò kékeré tí ó wà lára ráútà. Yóò pa gbogbo ètò inú rẹ̀ rẹ́, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ fi sí i.

6. Ìdánwò kí a tó ná owó

Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan tan hotspot lórí fóònù tirẹ̀, kí ti Màmá wọ ibẹ̀. Bí ó bá wọlé, fóònù Màmá kò ní àrùn. Ráútà ni kí ẹ bá wí, tàbí kí ẹ pe iléeṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín. Bí ó bá kọ̀ níbẹ̀ náà, ìgbà yẹn gan-an ni ó tó gbé lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin fóònù tí kò rí nọ́ńbà àti fóònù tí dátà rẹ̀ tán?
2. Kí ló dé tí àlejò àná fi lè dí fóònù òní lọ́wọ́?
3. Fóònù mélòó, tẹlifísàn mélòó, ló ń lo Wi-Fi nílé yín?

Iṣẹ́ àmúrelé: Ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi yín sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹ lè rí i. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù fi ìdánwò hotspot yìí han ìyá àgbà kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tan án ra fóònù tí kò nílò.