Náítírójìn Nínú Táyà Mọ́tò: Ǹjẹ́ Ó Tó Ohun Tí À Ń San Owó Lé Lórí?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ní sáà tí ó kọjá, nígbà tí a rán wa lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Yábàá, ọmọdékùnrin kan bi mí ní ìbéèrè tí ó mú mi dákẹ́ níwájú kíláàsì. Ẹ̀kọ́ lórí afẹ́fẹ́ ni mo ń kọ́ wọn. Fọkanáísà ni bàbá ọmọ náà, ẹ̀bá ọ̀nà ní Muṣin ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ náà ní àwọn oníbàárà bàbá òun ń dín kù, nítorí pé ilé ìtajà táyà kan ṣí sí tòsí wọn tí ó ń ta náítírójìn, tí ó sì ń sọ fún àwọn onímọ́tò pé afẹ́fẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà ń ba táyà jẹ́. Ó wí pé, "Tíṣà, ṣé afẹ́fẹ́ bàbá mi kò dára ni?" Mo ní kí ó fún mi di ọjọ́ Ajé. Ohun tí mo rí nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ náà ni mo kọ síhìn-ín.

Náítírójìn kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Daniel Rutherford, ọ̀mọ̀wé ará Skọ́tíláǹdì, ni ó yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1772. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tí à ń mí sí ọ̀nà 100, náítírójìn jẹ́ 78 nínú rẹ̀, ọ́síjìn tí ó mú wa wà láàyè jẹ́ 21, àwọn mìíràn sì ni ìyókù díẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí fọkanáísà ti ń fẹ́ táyà ní Ojúẹlẹ́gba, náítírójìn ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń tà. Ẹ̀rọ àwọn onínáítírójìn kàn ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kan náà bí a ti ń sẹ́ ògì ni, ó ń yọ ọ́síjìn àti ọ̀rinrin kúrò nínú rẹ̀. Síbẹ̀, táyà tí ó sọ̀ kò ṣófo. Bí a kò bá kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí a sì fẹ́ ẹ dé 32 lórí géèjì, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò jẹ́ afẹ́fẹ́ àtijọ́.

Wọ́n ní náítírójìn kì í wú bí ó bá gbóná. Èyí kì í ṣe òtítọ́, ìṣirò sì lè fi hàn. Ká ní táyà wà ní 32 ní òwúrọ̀, tí ooru jẹ́ ìwọ̀n 25. Nígbà tí eré bá mú un gbóná dé 55, géèjì yóò sún mọ́ 37. Ìbáà ṣe afẹ́fẹ́ lásán, ìbáà ṣe náítírójìn, iye kan náà ni, bí àwọn méjèèjì bá ti gbẹ.

Wọ́n tún ní kì í tètè jò. Òtítọ́ wà nínú èyí, nítorí pé ọ́síjìn a máa gba ara rọ́bà jáde yá ju náítírójìn lọ. Ìwé ìròyìn Consumer Reports ti Amẹ́ríkà dán an wò láti ọdún 2006 sí 2007: wọ́n fẹ́ oríṣi táyà 31 dé 30, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọdún kan. Èyí tí ó ní afẹ́fẹ́ fi 3.5 rẹlẹ̀, èyí tí ó ní náítírójìn fi 2.2 rẹlẹ̀. Ohun tí a rí gbà lẹ́yìn oṣù méjìlá kò tó 2 lórí géèjì! Ní ti ọ̀rinrin, àwíjàre wọn dára díẹ̀, pàápàá ní ìgbà òjò ní Èkó níbí. Ṣùgbọ́n fọkanáísà tí ó bá ń tú omi inú táǹkì rẹ̀ dànù déédéé ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé, kí ni ó dé tí a fi ń lò ó fún ọkọ̀ òfurufú? Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1986, ọkọ̀ Mexicana kan já lulẹ̀ ní Mẹ́síkò, ènìyàn 167 sì kú. Bíréèkì kan gbóná rékọjá, afẹ́fẹ́ lásán ni ó wà nínú táyà, táyà sì bú gbàmù. Ní ọdún kejì, Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí a máa fi náítírójìn sí táyà àwọn ọkọ̀ òfurufú ńlá. Mọ́tò tí ń ti Yábàá lọ sí Sùúrùlérè kì í gbóná dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn kan kan ilẹ̀ wa gan-an. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1991, ọkọ̀ DC-8 ti ilé iṣẹ́ Nationair ti Kánádà, tí Nigeria Airways háyà, gbéra ní Jeddah láti kó àwọn alálàájì padà wá sí Sókótó. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ ṣáájú pé táyà rẹ̀ sọ̀. Náítírójìn ni wọn ì bá fi fẹ́ ẹ, kò sì sí nítòsí. Ẹni tí ó wà ní ìdí iṣẹ́ náà kò fẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́. Táyà kan tí ó sọ̀ di ẹrù rẹ̀ ru èkejì, èyí bẹ́, ó gbiná, wọ́n sì fa ẹsẹ̀ ọkọ̀ oníná náà wọ inú. Gbogbo ènìyàn 261 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Bí táyà ti sọ̀ tó ni ó pa wọ́n.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń wa dánfó láti Ojúẹlẹ́gba sí Muṣin sanwó náítírójìn, wọ́n fi ìdérí aláwọ̀ ewé dé ẹnu táyà fún un, wọ́n ní kò ní í yẹ̀ ẹ́ wò fún oṣù mẹ́fà. Ìṣó kò mọ náítírójìn. Táyà náà ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò wò ó, ó sì bẹ́ ní Ìdí-Àràbà pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n. Táyà Tòkunbọ̀ láti Ládípọ̀ ni, ó sì ti gbó. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lára táyà ni a fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀, 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Kò sí afẹ́fẹ́ tí ó lè sọ irú táyà bẹ́ẹ̀ di ọ̀tun. Èmi ì bá fi owó náà ra géèjì, kí n sì máa wo táyà ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ fún ọmọ náà pé afẹ́fẹ́ bàbá rẹ̀ dára. Ó ti mú géèjì bàbá rẹ̀ wá, èmi náà mú tèmi. A wọn táyà mọ́tò ọ̀gá àgbà níwájú kíláàsì: tèmi sọ pé 33, ti bàbá rẹ̀ sọ pé 29. A yá ẹ̀kẹta lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, òun náà ní 33. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bàbá rẹ̀ ti ra géèjì tuntun.