Omi Ni Kó O Kọ́kọ́ Lé: Ṣípìsì Inú Ófùnù Nílé Rẹ ní Jos

Àbúrò mi, fara balẹ̀ kí n bá ọ sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n. O ń gbé ní Jos, níbi tí gbogbo Nàìjíríà ń ránṣẹ́ owó sí nítorí pòtétò, o sì tún ń lọ ra ṣípìsì dídì inú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé wá. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá. Bokkos, Mangu àti Barkin Ladi ò jìnnà sí ọ. Ilẹ̀ Plateau fi nǹkan bíi 1,200 mítà ga ju òkun lọ, òtútù orí òkè yẹn sì ni pòtétò ń fẹ́. Kódà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó ń rí sí àwọn ohun ọ̀gbìn abẹ́ ilẹ̀ ní ibùdó kan ní Kuru tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ pòtétò ló gbájú mọ́. Kí ti àwọn ará Èkó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, oòrùn ojú ọ̀nà á ti pa á. Tìrẹ ṣì ní yẹ̀pẹ̀ lára nígbà tó o bá gbé e délé.

Bóyá dókítà ló ní kí ìyá ọkọ rẹ dín òróró kù, bóyá owó òróró gan-an ló sú ọ. Èyí tó wù kó jẹ́, mo mọ ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ obìnrin máa sá fún ṣípìsì inú ófùnù: ó máa ń rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Wọ́n á ní ófùnù ò ṣe é. Ófùnù kọ́, omi ni. Òróró gbígbóná tó bo pòtétò mọ́lẹ̀ máa ń lé omi ara rẹ̀ jáde kíá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ófùnù ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi tó o bá gbé wọlé á di ooru níbẹ̀, pòtétò rẹ á sì bọ̀ dípò kó yan. Kó o tó ti àwo wọnú ófùnù ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù.

Ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀. Tó o bá dé Farin Gada tàbí Bukuru, má kàn jẹ́ kí wọ́n wọn mudu kan fún ọ lásán. Sọ pé manya-manya (ńláńlá) lo fẹ́, kó o sì fi ọwọ́ ara rẹ ṣà á. Èyí tí oòrùn ti sọ ara rẹ̀ di àwọ̀ ewé, fi í sílẹ̀. Ó korò, ó sì lè da inú rú. Fi àtàǹpàkò ha ara rẹ̀ wò: tí èèpo bá ń ṣí kúrò wẹ́rẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú u ni, omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ ló kún ọjà ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ. Ra á, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ síbi tó ṣókùnkùn tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó o tó fi ṣe ṣípìsì. Jọ̀wọ́, má gbé e sínú fíríìjì. Òtútù fíríìjì ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà, ṣúgà yẹn á sì dúdú nínú iná kí inú tó jinná.

Tí o kò bá mọ èyí tó ní ìyẹ̀fun púpọ̀, da iyọ̀ ife kan sínú omi ife mọ́kànlá, kó o ju pòtétò sí i. Èyí tó bá rì ni ti ṣípìsì. Èyí tó bá léfòó, fi se àsáró tàbí kó o jù ú sínú ọbẹ̀.

Gé e kó nípọn tó ìka ọmọńdinrín rẹ, kí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba. Rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi yẹn á funfun bíi wàrà. Dà á nù, kó o ṣàn án títí omi á fi mọ́ gaara. Lẹ́yìn náà, bọ̀ ọ́ díẹ̀ nínú omi oníyọ̀ tó o da ṣíbí ìjẹun fínígà kan sí fún lítà kọ̀ọ̀kan. Fínígà ni kò ní jẹ́ kó fọ́. Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé kì í mọ̀ nìyí: lórí òkè Jos, nǹkan bíi 96°C ni omi ti ń hó, kì í ṣe 100°C. Tí ìwé ìdáná bá ní ìṣẹ́jú márùn-ún, fún un ní méje tàbí mẹ́jọ. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ wọlé láìjà, ṣùgbọ́n kó má wó.

Wàyí o, lé omi. Sẹ́ ẹ sínú ajọ̀, jẹ́ kí ooru rẹ̀ jáde, kó o wá tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura tó mọ́ lẹ́bàá fèrèsé. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn á bá ọ ṣe iṣẹ́ náà kíákíá. Máa wo etí rẹ̀: dídán ara rẹ̀ á lọ, á funfun, á sì rí ṣákálá bí ẹni pé wọ́n bu èlùbọ́ wọ́n ọn. Ibi tó rí ṣákálá yẹn ló máa ń gan. Má kánjú níbẹ̀.

Kó àwọn ìkòkò àti páànù tó o kó pamọ́ sínú ófùnù jáde, kó o tan iná rẹ̀ sókè, nǹkan bíi 220°C. Fi àwo pẹrẹsẹ rẹ sínú rẹ̀ kó gbóná fún ogún ìṣẹ́jú. Ṣíbí òróró mẹ́ta tó fún kílò pòtétò kan. Tó bá jẹ́ díndín ni, lítà kan lè má pọ̀ jù. Po òróró náà mọ́ ọn, kó o dà á sórí àwo gbígbóná. Ó gbọ́dọ̀ dún ṣàà. Má kó o jọ lé ara wọn. Tí àyè ò bá tó, pín in sí àwo méjì. Ìsàlẹ̀ ni iná ófùnù gáàsì wa ti ń jó, nítorí náà jẹ́ kó wà nísàlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, yí i padà, kó o wá gbé e sókè fún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Wúrà ni kó jọ, kó má pọ́n ré kọjá bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2002 tí àwọn onímọ̀ ní Sweden ti rí kẹ́míkà acrylamide nínú irú oúnjẹ yìí ni a ti mọ̀ pé bó ṣe ń dúdú sí i ni kẹ́míkà náà ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀yìn tó bá jáde ni kó o tó bu iyọ̀ àti yàjì sí i. Kúlíkúlí wà nínú yàjì, á jó nínú ófùnù.

Mi ò ní tàn ọ́, ófùnù ń jẹ gáàsì. Má tan án nítorí ṣípìsì nìkan. Adìẹ tàbí ẹja ni kó o kọ́kọ́ yan, kó o gbé e jáde tán kí pòtétò tó wọlé, torí omi ara wọn á tún ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Bí ófùnù ṣe ń gbóná lọ, kí pòtétò tó wọlé, ju tòmátò, tàtàṣé àti àlùbọ́sà sí i. Lọ̀ wọ́n pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, o ti rí ọbẹ̀ tí àwọn ọmọ á máa fi ṣípìsì run.

Tó bá jẹ́ ti oúnjẹ ilé-ìwé ni, bọ̀ ọ́ kó o sì gbẹ ẹ́ lálẹ́, bò ó sínú fíríìjì mọ́jú (èyí tí a ti bọ̀ ò ní ìṣòro níbẹ̀), kó o yan án láàárọ̀. Jẹ́ kó tutù pátápátá kó o tó dé e.