Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Oògùn Hómíópátì àti Àìsàn Ojoojúmọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ ọjà kan, ìyá kan nínú kíláàsì wa ní Odo-Oro mú ìgò kékeré kan wá bá mi. Ìgò náà kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Hóró funfun wẹ́wẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá mo kà á dáadáa." Ó na ìka sí ara ìgò, ó ń pe lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi kà á tán: *Arsenicum album 30C*. Inú mi dùn gidigidi, nítorí pé ọdún kan ṣáájú ìgbà náà kò mọ A yàtọ̀ sí B.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í ní ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, ara mi bù máṣọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù 9, ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti àná. Ẹni tí ó ta oògùn náà fún un ní kí wọ́n máa fi hóró 2 sí ọmọ lẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 3. Ó tún ní kí wọ́n má fún un ní nǹkan mìíràn tí yóò ba iṣẹ́ oògùn jẹ́. N óò sọ ohun tí a ṣe fún ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ irú oògùn tí ó wà nínú ìgò.

Hómíópátì kì í ṣe orúkọ oògùn kan ṣoṣo. Ọ̀nà ìwòsàn kan ni. Dókítà ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Samuel Hahnemann ni ó dá a sílẹ̀. Wọ́n bí i ní 1755, ó sì kú ní ìlú Paris ní 1843. Ní 1790, Hahnemann jẹ èèpo igi kan tí ó ti ilẹ̀ Peru wá, èyí tí àwọn òyìnbó fi ń wo ibà nígbà náà. Nínú igi yìí ni wọ́n ti ń rí kuníìnì tí àwọn bàbá wa mọ̀. Ibà kò ṣe Hahnemann rárá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ́, ó ní ara òun ṣe bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Láti ibẹ̀ ni ó ti gbà pé ohun tí ó bá lè da ara ẹni tí ó le láàmú, òun náà ni ó lè wo àìsàn tí ó jọ ọ́ sàn. Ó kọ èrò yìí jáde ní 1796.

Èrò náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa. Àwa náà a máa wo ohun tí nǹkan jọ. Bí pòròpórò ọkà bàbà bá sọ omi di pupa, a ó ní ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi kún ara. Ibi tí Hahnemann ti yàtọ̀ sí àwọn àgbà wa ni omi tí ó ń bù lé oògùn.

Ẹ wo àmì 30C yẹn dáadáa, nítorí òun gan-an ni ẹ̀kọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí á fi aró ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán aró 1 sínú ẹ̀kán omi 99, kí ẹ mì í pọ̀. Ìyẹn ni 1C. Ẹ mú ẹ̀kán 1 nínú èyí, ẹ kán an sínú ẹ̀kán omi 99 mìíràn. Ìyẹn ni 2C. Aró ti di 1 nínú 10,000. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó di 1 nínú 1,000,000. Ojú kò ní rí aró kankan mọ́. 30C ni pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 30. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé bí ó bá ti kọjá ìgbà 12, kò dájú pé ẹyọ kan ṣoṣo yóò ṣẹ́ kù nínú ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Omi yìí ni wọ́n ń wọ́n sórí hóró ṣúgà. Bí omi bá gbẹ, wọ́n á kó hóró sínú ìgò.

Arsenicum tí ìyá wa kà ni ásẹ́níìkì, májèlé ni. Kí ẹ̀rù má bà yín. Bí wọ́n bá pò ó bí wọ́n ti kọ ọ́ sára ìgò, kò sí ásẹ́níìkì nínú hóró náà mọ́. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ó lè pani kò bá sí níbẹ̀, kí ni ó kù níbẹ̀ tí yóò wo ni sàn? Àwọn oníhómíópátì ní omi a máa rántí ohun tí ó ti fọwọ́ kàn án. Ó yà mí lẹ́nu. Omi odò wa ti fọwọ́ kan ohun púpọ̀ kí ó tó dé inú àmù.

Báwo ni ó ṣe wá lókìkí tó bẹ́ẹ̀? Ní ayé Hahnemann, àwọn dókítà Yúróòpù a máa gé iṣan aláìsàn kí ẹ̀jẹ̀ lè dà jáde, wọ́n á sì fún un ní mẹ́kúrì lò. Ẹni tí ó sá fún wọn, tí ó mu omi Hahnemann, tí ó sinmi tí ó sì jẹun, ó lè tètè yè ju ẹni tí wọ́n ń da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nù lọ. Lẹ́yìn èyí, oníhómíópátì a máa jókòó ti aláìsàn pẹ́. A máa bi í bí ó ṣe sùn, ohun tí ó jẹ, àti ohun tí ń bà á nínú jẹ́. Èyí dára púpọ̀. Mo mọ ibi ìwòsàn tí wọn kì í gbójú sókè wo ènìyàn kí wọ́n tó kọ oògùn fún un.

Hómíópátì pọ̀ ní Íńdíà títí di òní, ìjọba ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní 2015, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìlera ti ìjọba Ọsirélíà yẹ ìwádìí 176 wò, wọn kò sì rí àìsàn kan tí ẹ̀rí tí ó múná dóko fi hàn pé ó ń wò sàn. Ọ̀fìnkìn a máa lọ fúnra rẹ̀ láàrin bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá jẹ hóró ní ọjọ́ karùn-ún yóò sọ pé hóró ni ó lé e lọ. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra èyí fún ọ̀fìnkìn, n kò ní bá a jà.

Ibi tí ìjà wà nìyí. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé hómíópátì fún ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, HIV, àìsàn flu, àti ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fa ìlà sí abẹ́ èyí tí ó gbẹ̀yìn.

Ìgbẹ́ gbuuru ń gbẹ omi àti iyọ̀ kúrò lára ọmọ. Ojú rẹ̀ á wọnú, àwùjẹ orí rẹ̀ á wọnú, ó lè sunkún kí omijé má jáde. Ọmọ kékeré kò ní omi púpọ̀ lára tí yóò fi ṣòfò. Nítorí náà, hóró inú ìgò yẹn kọ́ ni mo bẹ̀rù. "Ẹ má fún un ní nǹkan mìíràn" ni mo bẹ̀rù.

A kò rí ORS rà lálẹ́ ọjọ́ náà. A rán ọmọ kan lọ ra omi ọ̀rá 2. Ọ̀rá 1 jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, nítorí náà ọ̀rá 2 jẹ́ lítà 1. A fi ọṣẹ fọ ọwọ́. A da omi náà sínú ike tí ó mọ́, a bu ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6 sí i, a bu iyọ̀ ìdajì ṣíbí 1 sí i. A fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ojú ṣíbí kí ó dọ́gba, nítorí pé iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. A tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ìyá ọmọ ń fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fún un lọ́mú bí ó ti máa ń ṣe. Nígbà tí ọmọ bì, a dúró bí ìṣẹ́jú 10, a tún bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé. Wọ́n fún un ní ORS àti zinc mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. (Bí ẹ bá po omi yìí, ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù.) Ká ní àwùjẹ rẹ̀ ti wọnú ni, tàbí tí kò lè mumi, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, a kì bá tí dúró di àárọ̀. Ìkọ̀lé tàbí Ìdó-Èkìtì ni à bá gbé e gbà lóru náà.

Ibà ńkọ́? Èèpo igi Peru tí Hahnemann jẹ ń wo ibà nítorí pé kuníìnì wà nínú rẹ̀ dé ìwọ̀n tí ó lè pa kòkòrò ibà. Bí ẹ bá bu omi lé e ní ìgbà 30, kuníìnì ti lọ. Ẹ má rò pé mo ń gan ewé o. Obìnrin ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, ka ìwé ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ wọn. Nínú ewé kan tí ìwé náà dárúkọ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí oògùn ibà tí a ń lò lónìí. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dán an wò, ó sì wọn ìwọ̀n rẹ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gún un níka kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò gbà ju bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Bí gìrì bá sì mú un, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rọ ìtọ̀ màálù sí i lọ́fun. Ìtọ̀ màálù tí wọ́n fi tábà sínú rẹ̀ kì í ṣe omi lásán bíi ti Hahnemann. Ó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kù, ó sì ń jẹ́ kí èémí rẹ̀ rọ. Ó ti pa ọmọ púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá.

Ní ti ikọ́, omi gbígbóná pẹ̀lú oyin dára, ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ní oyin. Ẹ lo aago yín. Ẹ ka iye ìgbà tí ọmọ mí ní ìṣẹ́jú 1. Bí ó bá tó 50 fún ọmọ oṣù 2 sí 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 1 sí 4, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa eyín. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ta hóró hómíópátì rí fún ọmọ tí ń hu eyín, belladonna sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Májèlé ni ewéko yìí. Ní 2017, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ rí i pé belladonna inú hóró kan pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sára ìgò lọ fíìfíì. Nítorí náà, ohun tí wọ́n pè ní omi kì í ṣe omi nígbà gbogbo.

IṢẸ́ ILÉ. Ẹ mú ìgò tàbí páálí oògùn kan nínú ilé yín wá sí kíláàsì. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yín, kí ẹ kọ nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tí C tàbí X tẹ̀ lé lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, bí 6X tàbí 30C, ẹ fi òrùka yí i ká.