Kí Omi Mímu àti Omi Ìdọ̀tí Má Pàdé

Bí ẹ bá ń kọjá lọ ní Ajégúnlẹ̀, ẹ bojú wo inú gọ́tà. Yàtọ̀ sí ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti agolo, ẹ ó rí páìpù tín-ín-rín kan, nígbà mìíràn mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí wọ́n sùn sínú omi dúdú náà. Páìpù omi mímu ni. Onílé fà á láti ẹ̀bá títì wá sí àgbàlá rẹ̀, kò sì rí ibòmíràn gbé e gbà ju inú gọ́tà lọ. Omi tí ẹ ó mu wà nínú, omi tí ẹ ti dànù wà lóde. Ohun tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò nípọn ju èékánná lọ.

Ẹ lè bi mí pé, "Kí ló burú níbẹ̀? Bí páìpù bá lu, ṣebí omi inú rẹ̀ ló máa tú síta?" Òótọ́ ni, nígbà tí omi bá ń sáré. Omi tí ń sáré ní agbára, ó ń ti ìdọ̀tí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ bí omi ẹ̀rọ ti rí ní Èkó. Ó wá lónìí, ó di ọjọ́ kẹta. Nígbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, agbára tán nínú páìpù. Omi tó kù nínú rẹ̀ ń ṣàn lọ sí ibi tó rẹlẹ̀, páìpù sì bẹ̀rẹ̀ sí fa nǹkan mọ́ra bí ọmọ tí ń fa ọmú. Omi gọ́tà á gba ojú ihò wọlé. Ní ọjọ́ tí omi bá padà dé, ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ gbé garawa síta lẹ ó pọn ọ́n. Nígbà mìíràn ó pọ́n, ó ń rùn. Nígbà mìíràn ojú rẹ̀ mọ́ kedere, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí omi yìí ń rìn jìn púpọ̀. Kí ó tó di ọdún 1915, omi òjò àti omi kànga ni àwọn ará Èkó ń mu. Ọdún náà ni ìjọba òyìnbó ṣí ilé iṣẹ́ omi Ìjù, tí ó wà lọ́nà ibi tí Èkó ti bá ilẹ̀ Ògùn pààlà. Àwọn ará Èkó bá ìjọba jà nítorí owó omi, ní 1908 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1916. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí ó takò ó. Ní 1991, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ omi Adíyàn láti ran Ìjù lọ́wọ́. Láti ibẹ̀, omi ní láti la ìlú kọjá kí ó tó dé etí òkun lọ́dọ̀ wa. Gbogbo àdúgbò tó wà lójú ọ̀nà ń bù nínú rẹ̀.

Àpápá tètè rí páìpù gbà, nítorí èbúté. Ní 1926 ni wọ́n ṣí èbúté tuntun ibẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ńlá. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń wá ilé sí tòsí, ilẹ̀ ẹrẹ̀ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n sì rí. Ilé kún kí páìpù tó dé. Títí di òní, ẹni tó bá dúró ní Baọ́ńdárì lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ìlú kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé ló gbẹ́ kànga. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé bàbá onílé kan fẹ́ gbẹ́ tirẹ̀. Obìnrin kan tó yá yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀ wá bá a, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ṣalángá wa ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ilé ni ṣalángá wà, ìyàwó. Iwájú ni kànga máa wà."

"Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà láàárín wọn, bàbá?"

"Ó tó 40. Kí lo ń bẹ̀rù? Iyanrìn ń sẹ́ omi. Ohun tó bá gba inú ilẹ̀ kọjá ti mọ́ nìyẹn."

Bàbá kò purọ́. Iyanrìn ń sẹ́ omi bí a ti ń sẹ́ ògì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ nísàlẹ̀ ṣalángá kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ jìn. Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 100 láàárín kànga àti ṣalángá, kí ìsàlẹ̀ ṣalángá sì fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 ga ju omi inú ilẹ̀ lọ. Ní Ajégúnlẹ̀, ẹ kò ní í gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kí ẹ tó kan omi. Ní ìgbà òjò, inú omi gan-an ni ṣalángá dúró sí. Omi kan náà ni kànga ń fà. Sọ́kàwé kò sàn jù ú lọ, nítorí inú ilẹ̀ yẹn náà ló ń tú omi sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1854 nìyí. Àrùn onígbáméjì, tí àwọn dókítà ń pè ní kọ́lẹ́rà, pa ènìyàn tó lé ní 500 láàárín ọjọ́ 10 ní àdúgbò kan ṣoṣo. Dókítà John Snow ń bi ará ilé kọ̀ọ̀kan léèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Ó rí i pé ẹ̀rọ kànga kan tó wà ní Broad Street ni. Ó ní kí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n sì yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wá wú ilẹ̀, wọ́n rí kòtò ìgbẹ́ ilé kan tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Wọ́n ti fọ aṣọ ìdí ọmọ kan tó ń ṣu, wọ́n sì da omi rẹ̀ sínú kòtò náà. Èkó náà rí àrùn yìí ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó sì pa àwọn ènìyàn.

Ilẹ̀ bàbá onílé kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 100 láti kànga dé ṣalángá. Ta ni tirẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀? Ohun tó lè ṣe ni kí ó fi kọnkéré mọ tánkì ìgbẹ́ tí kò ń jò, kí ọkọ̀ máa wá fà á bí ó bá kún. Ó náni lówó. Lójú tèmi, onílé ló yẹ kó san èyí tó pọ̀ jù, nítorí tirẹ̀ ni ilé náà máa jẹ́ nígbà tí ayálégbé bá kó lọ. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀, kí gbogbo yàrá dá a. Àwọn kan ń dúró de òjò ńlá kí wọ́n tó ṣí tánkì wọn sínú gọ́tà. Inú páìpù aládùúgbò ni wọ́n ń tú u sí, àti tiwọn náà. Ní ti páìpù, ẹ so ó mọ́ ara ògiri, kí ó gba òkè gọ́tà kọjá.

Kí èyí tó ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí omi kànga wà fún aṣọ àti ilẹ̀. Bí omi ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ṣàn dànù. Èyí tí ẹ ó mu, yálà ti ẹ̀rọ tàbí ti mẹrúwà, kí ó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ sì dé e. Bí omi bá ń rùn bí epo ọkọ̀, ẹ má mu ún rárá. Sísè kò lè yọ epo kúrò, kò sì lè yọ iyọ̀.

Bí ọmọ bá ń ṣu omi, ẹ ya píọ́ wọ́tà 2 sínú abọ́ mímọ́, lítà 1 nìyẹn. Ẹ da ṣúgà ṣíbí tíì 6 sí i, kí orí ṣíbí tẹ́jú, àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí. Ẹ rò ó, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí ìyá má sì dá ọmú dúró. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tàbí tí kò lè mu mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.