BARSILLAI ARÁ GILEADI: Ẹ̀kọ́ lórí Ìtọ́jú Ọkàn Àwọn Arúgbó Wa

Ibi kíkà: 2 Samuẹli 19:31-40, 1 Àwọn Ọba 2:7, Ìṣe Àwọn Aposteli 6:1-6.

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kan gbogbo ilé wa. Díẹ̀ nínú wa ni kò ní bàbá tàbí ìyá àgbà kan lẹ́yìn; bí Olúwa bá sì dá ẹ̀mí wa sí, àwa pẹ̀lú yóò di arúgbó. Àwọn àgbà wí pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé oúnjẹ àti aṣọ nìkan ni ọmú náà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ìwé Mímọ́ fi kọ́ wa.

I. Ìtàn náà

Ọlọ́lá ni Barsillai. Nígbà tí Dáfídì ọba sá níwájú Absalomu ọmọ rẹ̀ dé Mahanaimu, Barsillai wà nínú àwọn tí ó gbé oúnjẹ lọ fún un. Nígbà tí ogun parí, ọba fẹ́ san oore náà. Ó ní kí ó bá òun gòkè odò Jọ́dánì, kí ó wá máa gbé ní Jerúsálẹ́mù, òun yóò sì máa bọ́ ọ. Ta ni nínú wa tí yóò kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Barsillai kọ̀ ọ́. Ó ti di ẹni 80 ọdún. Ó ní ẹnu òun kò mọ adùn oúnjẹ mọ́, etí òun kò sì gbádùn ohùn àwọn akọrin mọ́. Ó bẹ̀bẹ̀ kí òun padà sí ìlú òun, kí òun lè kú sí ẹ̀bá ibojì bàbá àti ìyá òun. Kimhamu ni ó fi rọ́pò ara rẹ̀.

Ẹ kíyèsí ohun mẹ́ta tí ọba ṣe. Èkínní, ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́. Kò fi agbára mú un. Èkejì, ó gba ìdáhùn rẹ̀ láìbínú, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó sì súre fún un. Ẹ̀kẹta, kò gbàgbé rẹ̀: nígbà tí ikú ọba súnmọ́, ó pàṣẹ fún Sólómọ́nì pé kí ó ṣe oore fún àwọn ọmọ Barsillai.

II. Bí ọ̀ràn náà ti rí láàrin wa

Gbogbo ará Ìbàdàn mọ̀ pé agbo ilé wa wà nígboro, abà wa sì wà lóko, ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ọ̀nà-Àrà. Láti ayé àwọn baba wa ni a ti ń lọ tí a ń bọ̀ láàrin méjèèjì. Arúgbó a jókòó sí abà, a sì wá sílé nígbà ọdún àti ìnáwó. Àwọn ọmọ-ọmọ a máa pọnmi fún un. Nísinsìnyí àwọn ọmọ-ọmọ ti lọ sí Ìbàdàn, sí Èkó àti sí òkè òkun. Igi kòkó ti gbó, ọwọ́ tí yóò ro oko kò sì tó. Nítorí náà ọ̀nà méjì ni a fi ń ṣìṣe: àwọn kan fi òbí wọn sílẹ̀ sí abà láìyọjú sí i, àwọn mìíràn gbé e wá sígboro láìbi í léèrè.

A mọ ìyá kan ní abà kan ní apá Lágelú, tí ó ti lé ní ọdún 75. Ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, gbé e lọ sí ilé tuntun tí ó kọ́. Ilé náà mọ́, ẹran kò sì wọ́n nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ tọkọtaya a lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ a lọ sílé ìwé, wọn a sì ti géètì. Ìyá a jókòó títí di ìrọ̀lẹ́ láìrí ẹni tí yóò kí i. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó fi dákẹ́, tí oúnjẹ kò sì wọ ọ́ lọ́fun mọ́. Nígbà tí a bẹ̀ ẹ́ wò, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: ta ni ó ń bá wọn bó ẹ̀gúsí ní abà? Ọ̀rọ̀ yìí gún wa lọ́kàn, nítorí àwa ni a gba àdúrà ìdúpẹ́ ní ọjọ́ tí ó wọ ilé náà, àwa pẹ̀lú kò sì bi í léèrè. Ọmọ náà mú un padà, ó bẹ ọmọbìnrin aládùúgbò kan kí ó máa sùn tì í, òun fúnra rẹ̀ a sì máa lọ ní ọjọ́ Sátidé. Orúnkún ìyá ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti padà.

III. Ohun tí àwọn oníṣègùn rí

Ní ọdún 2003 sí 2004, àwọn oníṣègùn láti Ìbàdàn ṣe ìwádìí láàrin àwọn àgbà 2,152, ẹni ọdún 65 sókè, ní ìpínlẹ̀ 8 tí a ti ń sọ èdè Yorùbá. Wọ́n rí i pé bí 26 nínú 100 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó di àìsàn ti bá rí nígbà kan, bí 7 nínú 100 sì ni ó bá láàrin ọdún kan péré. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011, wọ́n rí i pé ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, àti pé, láàrin àwọn obìnrin, gbígbé ní ìgbèríko àti àìní ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ wà lára ohun tí ń fà á. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé abà fúnra rẹ̀ ni ìwòsàn. Abà tí ó ti ṣófo lè burú bí ilé tí a ti géètì rẹ̀. Ènìyàn ni ìwòsàn.

Ní àwọn ilẹ̀ òkè òkun a ń kọ́ ibùgbé tí àwọn arúgbó ń jọ gbé. Kò yẹ kí a kẹ́gàn rẹ̀, nítorí àwọn kan kò ní ọmọ. Ohun tí ó dára jù nínú rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ wà pẹ̀lú ẹgbẹ́. Èyí ni abà wa ti ní tẹ́lẹ̀: ìdí ayò lábẹ́ igi, ìdí èkùrọ́ àti ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Ẹ má jẹ́ kí ó parun.

IV. Ojúṣe wa

1. Kí ọmọ bi òbí rẹ̀ léèrè ibi tí ó fẹ́ gbé, kí ó sì gba ìdáhùn rẹ̀ bí ọba ti gbà á. Bí àìsàn kò bá jẹ́ kí ó lè dá gbé mọ́, kí a wá ẹni tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán.

2. Nígbà tí a gbàgbé àwọn opó nínú ìpín ojoojúmọ́ ní Jerúsálẹ́mù, ìjọ yan ènìyàn méje. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn àgbà tí ó ń dá gbé, kí ó sì yan àwọn tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

3. Kí ẹ̀yin olùkọ́ rán àwọn ọmọ ilé ìwé lọ gbọ́ ìtàn àti oríkì lẹ́nu wọn. Ẹni tí a ń bi léèrè ọ̀rọ̀ mọ̀ pé òun wúlò.

4. Bí àgbà bá kọ oúnjẹ, tí kò sùn, tí ó ń sọ pé ikú ni òun ń fẹ́, tàbí tí ó ń gbàgbé nǹkan, kí a má ṣe pè é ní àjẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Kí a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní Ilé Ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, a ṣí ibi ìtọ́jú kan fún àwọn arúgbó ní ọdún 2012.

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Kí ni ìdí tí Barsillai fi kọ ààfin?
2. Àgbà wo nínú ìjọ wa ni a kò tíì rí láti oṣù tí ó kọjá? Ta ni yóò lọ?
3. Nígbà wo ni a bi àwọn òbí wa léèrè ohun tí ọkàn wọn fẹ́ gbẹ̀yìn?

Kí Olúwa, ẹni tí kì í kọ ewú sílẹ̀, fún wa ní etí láti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà láti sọ ọ́. Àmín.